Òkun Tí Dùnsìn Kò Dé

Olúwadùnsìn ni orúkọ ọmọ náà. Dùnsìn ni wọ́n ń pè é nílé.

Ọmọ ọdún méje ni. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká.

Cheetham Hill ni wọ́n ń gbé, ní Manchester. Lọ́jọ́ tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀ níta. Wẹliwẹli, wẹliwẹli.

Ọlidé ti parí. Iléèwé ti wọlé.

Mísítà Andrew, tíṣà wọn, ní kí gbogbo ọmọ jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ó yá, níbo lẹ lọ nígbà ọlidé?"

Cynthia nawọ́ sókè. "Mo lọ sí London, lọ́dọ̀ àǹtí mi."

Philip náà nawọ́ sókè. Okùn bàtà Philip kì í so, ojoojúmọ́ ló ń fà á nílẹ̀.

"A lọ sí erékùṣù kan," ni Philip wí. "Oòrùn pọ̀ níbẹ̀! Dádì mi mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ó wọ bàtà rọ́bà tó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ó gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, bí ẹni pọn ọmọ. Ó sì ń mí lábẹ́ omi. Bùlù, bùlù, bùlù!"

"Bùlù, bùlù, bùlù!" ni gbogbo kíláàsì pariwo.

"Ìwọ ńkọ́, Philip?" ni Mísítà Andrew bi í. "Ṣé o mòòkùn?"

"Rárá o," ni Philip wí. "Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí. Ẹ̀rù omi ń bà mí." Ojú kò tì í rárá láti sọ ọ́.

Ó wá kan Dùnsìn.

Níbo ni Dùnsìn lọ? Kò lọ síbì kankan.

Mọ́mì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Eccles. Ojoojúmọ́ ló ń lọ síṣẹ́. Dádì ń wa bọ́ọ̀sì. Ojoojúmọ́ lòun náà ń lọ síṣẹ́.

Nítorí náà, ilé Àǹtí Mùtíátù tó múlé tì wọ́n ni Dùnsìn wà. Àǹtí Mùtíátù fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín. Ta ló ń bá a ṣa ẹ̀wà? Dùnsìn ni.

Ó ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ Ajé. Ó ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ṣa ẹ̀wà títí ó fi ń rí ẹ̀wà lójú oorun.

Ta ló fẹ́ sọ fún kíláàsì pé ẹ̀wà lòun ṣà? Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ máa sọ ọ́?

Dùnsìn la ẹnu. "Èmi náà lọ sí erékùṣù," ló bá wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Mo mòòkùn," ni Dùnsìn wí. "Èmi fúnra mi! Mo dé ìsàlẹ̀ òkun pátápátá. Mo fọwọ́ kan ẹja ńlá kan. Bùlù, bùlù, bùlù!"

"Yéè!" ni kíláàsì wí. Cynthia la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé.

Philip sún mọ́ Dùnsìn. Ó fi ẹnu sí i létí.

"Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ń kó wa lọ sí swimming," ni Philip wí. "Ẹ̀rù ń bà mí. Jọ̀ọ́, ṣé wàá di ọwọ́ mi mú? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Dùnsìn kò lúwẹ̀ẹ́ rí. Omi inú báàfù nìkan ló mọ̀.

"Màá dì í mú," ni Dùnsìn wí.

Inú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bùlù, bùlù, bùlù. Kì í ṣe ebi. Ìtìjú ni.

Ẹ wá wo bí irọ́ ṣe ń rìn o!

Cynthia gbé e dé ilé. Ó sọ fún Mọ́mì Cynthia. Mọ́mì Cynthia gbé fóònù. Ó pe Pásítọ̀ Ọládipúpọ̀, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

"Pásítọ̀! Dùnsìn kékeré yìí dé ìsàlẹ̀ òkun o! Ó sì padà wálé láyọ̀!"

"Ọpẹ́ nìyẹn," ni Pásítọ̀ wí. "Ọpẹ́ ńlá!"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹni tó bá ti ìrìnàjò dé á jáde síwájú. Gbogbo ìjọ á bá a dúpẹ́. Gbogbo ìjọ á bá a jó.

Mọ́mì Cynthia kò sọ fún Mọ́mì Dùnsìn. Ó fẹ́ fi ṣe ìyàlẹ́nu fún un ni. Ó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kúlà kan, ó dé e pa.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Dùnsìn wọ aṣọ yẹ́lò. Dádì so táì. Mọ́mì wé gèlè.

Pásítọ̀ mú máìkì. "Ìdílé kan wà láàárín wa lónìí! Olúwa mú ọmọ wọn jáde láti inú ibú òkun!"

"Halelúyà!" ni gbogbo ìjọ wí.

Mọ́mì pàtẹ́wọ́. Pà, pà, pà! "Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa! Dádì Dùnsìn, àwọn wo nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀," ni Dádì wí. Òun náà ń pàtẹ́wọ́. Pà, pà, pà!

Inú Dùnsìn dún. Bùlù, bùlù, bùlù.

"Dádì Dùnsìn! Mọ́mì Dùnsìn!" ni Pásítọ̀ ké. "Ẹ máa jó bọ̀!"

Pà, pà... Ọwọ́ Mọ́mì dúró sójú kan. Pà kẹta kò dún.

"Àwa kẹ̀?" ni Dádì wí. "Òkun wo?"

Mọ́mì wo Dùnsìn. Dùnsìn wo bàtà ara rẹ̀.

Ojú tì í. Ojú tì í gan-an ni. Ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu, kó gbé òun mì.

Ó lè dákẹ́. Ó lè jó lọ síwájú. Ta ló máa mọ̀?

Àmọ́ bó bá jó, Mọ́mì àti Dádì náà á jó. Wọn á máa dúpẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, níwájú Ọlọ́run àti níwájú gbogbo ènìyàn. Dùnsìn kò fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dìde. Kò jó. Ó kàn ń rìn ni. Kò, kò, kò, ni bàtà rẹ̀ ń dún.

Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé máìkì sí i lẹ́nu.

"Mi ò lọ," ni Dùnsìn wí.

Kíììì! ni máìkì ké.

"O ò lọ síbo, ọmọ mi?"

"Mi ò lọ sí òkun. Mi ò mòòkùn. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà nílé Àǹtí Mùtíátù. Mo purọ́, sà."

Ọmọ ọwọ́ kan sín lẹ́yìn. Hàtíṣìì!

Omi lé sí Dùnsìn lójú. Omi náà ń ṣàn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ fa áńkáṣíìfù yọ. Ó nu ojú Dùnsìn. Ó nu ojú ara rẹ̀ náà, nítorí òógùn ti bò ó.

"O ṣeun tí o sọ ọ́," ni Pásítọ̀ wí. "Padà lọ bá Mọ́mì rẹ."

Lẹ́yìn ìsìn, kúlà ìrẹsì wà lórí tábìlì. Gbogbo ènìyàn ń wò ó.

"Ta ló máa wá jẹ ẹ́ báyìí?" ni Mọ́mì Cynthia bi wọ́n. Ojú ń ti òun náà díẹ̀.

"Ìrẹsì ò purọ́ ní tiẹ̀," ni Pásítọ̀ wí. "Ẹ bù ú fún wa."

Wọ́n bù ú. Wọ́n jẹ ẹ́. Ó dùn gan-an. Àmọ́ Dùnsìn kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Wáípà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Fìì, fàà. Fìì, fàà.

Wọ́n délé. Mọ́mì tú gèlè.

"Olúwadùnsìn," ni Mọ́mì wí. Bí Mọ́mì bá pe orúkọ yẹn délẹ̀, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Dùnsìn kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà."

"Kí ló dé tí o fi purọ́?"

"Gbogbo wọn ló lọ síbì kan. Èmi nìkan ni mi ò lọ síbì kankan. Ojú tì mí, mà."

Mọ́mì mí kanlẹ̀.

"Ojú ti èmi náà lónìí," ni Mọ́mì wí. "Èmi tí mò ń pàtẹ́wọ́! Mi ò mọ̀ pé irọ́ ọmọ mi ni mò ń pàtẹ́wọ́ fún."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Dádì. Mọ́mì wò ó. Dádì gbé ẹ̀rín mì.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a," ni Dádì wí.

"Tèmi ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan, sà," ni Dùnsìn wí.

Mọ́mì gbé e dìde. "Ta ló kù tí o máa sọ fún?"

"Kíláàsì wa," ni Dùnsìn wí. "Àti Philip." Ti Philip ló le jù.

Lọ́jọ́ Ajé, Dùnsìn dúró níwájú kíláàsì. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀wà.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kíkíkí! Mísítà Andrew wò wọ́n, wọ́n panu mọ́. "O ṣeun, Dùnsìn," ló wí.

Philip kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Ta ló wá máa di ọwọ́ mi mú?" ni Philip bi í.

Ìyẹn dun Dùnsìn ju ẹ̀rín lọ. Ojú tì í gan-an ni.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ni Dùnsìn wí. "Mi ò lúwẹ̀ẹ́ rí. Má bínú, Philip."

Philip wo okùn bàtà rẹ̀. Ó ronú, ó ronú.

"Ṣé ẹ̀wà náà pọ̀?" ni Philip bi í.

"Ó kún garawa méjì!" ni Dùnsìn wí. Ó dákẹ́. Ó ronú. "Rárá. Garawa kan ni."

Philip rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ìwọ di tèmi mú, èmi náà á di tìẹ mú."

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, Mọ́mì di irun Dùnsìn. Kòlẹ́sẹ̀ ló dì fún un, kí fìlà rọ́bà tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ lè wọ̀ ọ́ lórí.

"Ó ń dùn mí, mà."

"Jókòó jẹ́ẹ́. Ó ti ń tán lọ."

Nígbà tó tán, Mọ́mì fi ẹnu ko Dùnsìn láàárín orí. Dùnsìn wá mọ̀ pé inú Mọ́mì ti rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé. Omi náà pọ̀. Omi náà tutù. Òórùn rẹ̀ ń ta sí imú.

Dùnsìn wọnú omi. Philip wọnú omi. Omi mù wọ́n dé àyà. Philip di ọwọ́ Dùnsìn mú. Dùnsìn di ọwọ́ Philip mú.

"Ó yá," ni Dùnsìn wí. "Ení..."

"Èjì..." ni Philip wí.

"Ẹ̀ta!"

Wọ́n ki ojú bọ omi. Bùlù, bùlù, bùlù!

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe inú Dùnsìn ló ń dún. Omi ni!

Wọ́n yọ orí sókè. Fúùù!

"Mo rí nǹkan nísàlẹ̀!" ni Philip pariwo.

"Kí lo rí?"

"Ẹsẹ̀ rẹ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Ọjọ́ Ìsinmi tún dé. "Ta ló ní ọpẹ́?" ni Pásítọ̀ bi ìjọ.

Ọwọ́ kékeré kan lọ sókè. Ọwọ́ Dùnsìn ni. Mọ́mì di àga mú gbọn-in-gbọn-in.

Dùnsìn mú máìkì. "Mo ki ojú mi bọ omi ní swimming," ló wí. "Philip di ọwọ́ mi mú. Omi náà mù mí dé ọrùn."

Ó dákẹ́. Ó ronú.

"Rárá," ni Dùnsìn wí. "Àyà ló dé."

Mọ́mì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Pà! Pà! Pà kẹta náà dún. Òun ló dún jù.