Ilé Orí Àkùrọ̀

Nínú ọyẹ́ tó la gbogbo ètè l'Ọ̀fàdà, ilẹ̀ pálọ̀ Bùsírátù ṣì ń sun omi. Á nù ún, á fún àkísà, á tún nù ún. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké lábẹ́ táìlì.

Ó ti sú u. Ta ló ní kí ọkọ òun lọ da yanrìn sí àkùrọ̀? Láti ayé ìyá ọkọ rẹ̀, bí wọ́n bá ń kórè ìrẹsì, wọn kì í fi dòjé kan apá tó kángun sódò. Ìpín àlejò nìyẹn. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ń yé síbẹ̀ lásìkò òjò. Lékeléke ń bá ọyẹ́ dé, wọ́n á máa jẹ̀ nínú omi náà títí ilẹ̀ á fi móoru. Sàlàhúdíìnì ọkọ rẹ̀ ní ibẹ̀ ló súnmọ́ títì. Típà dé, ilé dìde, ọ̀rọ̀ bùṣe.

"Bàbá Tawheed, ẹ jẹ́ ká kó yanrìn yìí kúrò."

"Ká wá gbé ilé ru lékeléke? Ilẹ̀ ló kàn ń làágùn."

"Ẹ̀yin náà ń làágùn nínú ọyẹ́."

Jalamíà Sàlàhúdíìnì tutù dé orúnkún. Kì í jókòó mọ́. Ojú fèrèsé ló ń dúró sí, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, èkejì ká sábẹ́ aṣọ. Oúnjẹ tí Bùsírátù gbé fún un tutù síbẹ̀.

"Kí lẹ ń wò gan-an?"

"Wọ́n ní ọ̀nà jìn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ní àwọn ò ríbi jẹ̀ mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú, gbogbo lékeléke tó ti ń bà sórí òrùlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ìyẹ́ wọn bí aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n. Bùsírátù sáré wọ pálọ̀. Jalamíà wà nílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ènìyàn, tútù, ti ìdí rẹ̀ lọ sí fèrèsé. Ó ń tín-ín-rín sí i bó ṣe ń lọ. Nígbà tó fi dé fèrèsé, ìka mẹ́ta ló kù níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Àwọn aládùúgbò ní kó lọ sọ fún ọlọ́pàá. Kó wí kí ni?

Ó pòṣé, ó gbé ṣọ́bìrì, ó fọ́ táìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn. Olóríkunkun ni Sàlàhúdíìnì, ṣùgbọ́n ọkọ òun ni. Bí ọyẹ́ bá yí dé, tó bá bá àwọn lékeléke padà, ó gbọ́dọ̀ bá omi nílé.