Ṣéènì Tí Ń Mu Òógùn

Ṣéènì náà kò já bí irin ṣe ń já. Ó kérora, ó kákò bí ekòló tí a da iyọ̀ sí lára, ó sì bọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́ Ọdẹ́wùnmí láàárín aginjù, níbi tí ilé-ìbòòji tó kàn ti ń hàn fírífírí lókèèrè. Oòrùn ti ń gòkè. Láyé ìgbà yẹn, oòrùn ọ̀sán kì í ṣe ohun à ń fi agbòòrùn dènà. Bó bá ká èèyàn mọ́ gbangba, á bó o láwọ̀ bí ẹni ń bó iṣu sísè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbẹ́ ihò tí wọ́n ń pè ní ilé-ìbòòji sínú àpáta lẹ́bàá ọ̀nà, láti Ṣakí títí dé etí Odò Ọya, kí àwọn arìnrìnàjò lè máa sá wọ̀ ọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Akínlàjà, àbúrò Ọdẹ́wùnmí, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló ṣe ṣéènì náà. Kò rọ ọ́ o. Inú ìgò ló gbìn ín sí, ó sì hù bí iṣan ara. Òógùn ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Akínlàjà ní bó bá já, fúnra rẹ̀ ni yóò so padà, bí egbò ṣe ń jinná. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí ẹnu ò ní yà?

Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, àgbà ìlú wọn, nìkan lẹnu ò yà. Lọ́jọ́ tí Ọdẹ́wùnmí fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ náà gbéra lọ sí etí Odò Ọya, baba náà dìde láàárín èrò.

"Akínlàjà, gun kẹ̀kẹ́ yìí yí ìlú ká, ká rí i. Ẹni tó gbé ẹmu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe níbí, ìbáà ṣe ẹmu, ìbáà ṣe ẹ̀rọ."

"Baba, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í ṣe ẹmu," Akínlàjà dáhùn, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Ọdẹ́wùnmí ló gba ìjà náà jà. "Ẹ fi í sílẹ̀, baba. Ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Ṣé ọmọ tí mo pọ̀n ló máa wá fún mi ní májèlé?"

Baba náà yà kúrò lọ́nà. Wọ́n ṣí ọ̀nà fún Ọdẹ́wùnmí, ó lọ.

Nísinsìnyí, nínú aginjù, ó ń tú àpò irinṣẹ́ tí Akínlàjà fọwọ́ ara rẹ̀ dì. Àbúrò rẹ̀ ti ní ṣéènì onírin kan wà níbẹ̀ fún ọjọ́ ìṣòro. Iyanrìn ló bá, iyanrìn tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá kí àpò lè wúwo. Àyà rẹ̀ já. Ó tẹ etíjíjìn, ẹ̀rọ kékeré tó wà létí rẹ̀ tí ń gbé ohùn lọ sílé.

"Akínlàjà! Ṣéènì ti já, iyanrìn ló sì wà nínú àpò!"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbé ṣéènì náà lé itan yín, kí òógùn máa kán sí i."

"O mọ̀ kẹ̀?"

"Òógùn iṣẹ́ ló ń bọ́ ọ, àmọ́ òógùn ìbẹ̀rù nìkan ló ń wò ó sàn. A ò rí irú ẹ̀ ṣe nínú ìgò. Àfi kí ẹ̀rù ikú ba èèyàn lóòótọ́. Èmi ni mo ṣe é pé kó já síbẹ̀. Ká ní mo ti sọ fún yín ni, ẹ̀rù ò ní bà yín. Ẹ jọ̀ọ́, á so."

"Kí ló dé tí o ò fi ara tìrẹ dán an wò?"

"Ẹ̀rù bà mí," ló wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọdẹ́wùnmí dé egungun. Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ti ń gbọ́ òwe náà láti kékeré, kò rò ó mọ́ àbúrò rẹ̀ rí. Ó gbé ṣéènì lé itan, òógùn ń ṣàn, àmọ́ nǹkan náà ò mira. Ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀ látìgbà tó ti gbọ́ òótọ́. Ìbínú ló kù, àti ẹkún, ṣéènì ò sì mọ ìyẹn jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò so!" Akínlàjà ń ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rù díẹ̀! Oòrùn ń bọ̀!"

Ọdẹ́wùnmí yọ etíjíjìn, ó jù ú sínú iyanrìn. Ó fi ẹsẹ̀ òsì dúró lórí pẹ́dà, ó ń fi ọ̀tún ta ilẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń ṣe kó tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Oòrùn bá a lọ́nà. Ó bó o léjìká, ó bó o lẹ́yìn níbi tó fi pọn Akínlàjà rí, àmọ́ Ọdẹ́wùnmí ń ta ilẹ̀ lọ títí tó fi ṣubú wọ ẹnu ihò ilé-ìbòòji náà.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí ooru ò dí ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́ fífò mọ́, Akínlàjà fi ọ̀kan dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ife omi tútù sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mu omi."

Ètè Ọdẹ́wùnmí ti là. Ó gba ife, ó wo omi náà títí, ó wá dá a padà fún ọmọ ìyá rẹ̀.

"Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."