Etí Ẹ̀ríolúwa

Kí oòrùn ọjọ́ Àìkú náà tó kan àtàrí, Ẹ̀ríolúwa ti kú. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó ni. Ó kọ ọmú lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní bóyá inú ló ń run ún. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti gan pa, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣílẹ̀kùn báyìí, gìrì á tún gbé e. Wọ́n gbé e lọ sílé àdúrà, wọ́n tún gbé e padà wálé. Fọlábí, bàbá ọmọ náà, tó ń fi máíkírà gbé èrò láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, já èrò rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sáré dé. Òkú ọmọ ló bá lọ́wọ́ Títílọlá, ìyàwó rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo ilé mọ̀: kò tíì pẹ́ tí Ìyá Fọlábí lu etí ọmọ náà.

Opó ni Ìyá Fọlábí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó ń gbé ní àdúgbò kan lẹ́yìn Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì àti àwọn ìyàwó wọn. Láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń gbé ọmọbìnrin wá bá a kó lu etí wọn. Àwọn ará Ìrẹsà pàápàá ń gbé ọmọ wá. Yóò se abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú nínú omi títí omi náà yóò fi hó yàà, yóò fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, yóò wá máa kọrin sọ́mọ létí títí ọmọ yóò fi gbàgbé ẹkún. Nígbà tó lu ti Ẹ̀ríolúwa tán, ó pe Títílọlá jókòó.

"Ìyàwó, ojú egbò nìyí o, kò tíì di ọ̀ṣọ́. Fọ ọwọ́ rẹ kó o tó kàn án. Da iyọ̀ díẹ̀ sínú omi tó ti hó, jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kó o fi òwú tó mọ́ nu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Má máa fa òwú tó wà létí rẹ̀, má sì ṣí èépá rẹ̀. Bó bá jinná, èépá náà á já fúnra rẹ̀."

"Òróró ńkọ́, Mọ́mì?"

"Má fi nǹkan kan sí i. Omi iyọ̀ ti tó."

"Ẹ ṣé, mà," ni Títílọlá wí, àmọ́ kò wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì ní ìdí. Aládùúrà ni Títílọlá, ilé àgbẹ̀bí ìjọ wọn ló bí ọmọ náà sí, wòlíì ìjọ náà, Bàbá Ọládépò, sì ti sọ fún un pé òun rí obìnrin kan nínú ilé wọn tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ náà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbàdúrà sórí òróró àti iyanrìn ilẹ̀ àánú, ibi tí ìjọ wọn ti ń gbàdúrà, ó ní kó fi ṣọ́ yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé náà, ta ni ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọmọ bí kò ṣe ìyá àgbà?

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́lẹ̀. Dámisí, ìyàwó Àjàní tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Fọlábí, ló kọ́kọ́ là á. Oyún kì í dúró lára Dámisí, àgbàdo tí ọkọ rẹ̀ gbìn sí Ìkòyí-Ilé lọ́dún náà sì gbẹ mọ́ ìdí. Ọkàn rẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ní ìrọ̀lẹ́ kan òwìwí bà sórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó ń ké. Ìyá Fọlábí kò fẹ́ kí Títílọlá gbọ́ igbe yẹn pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀, ló bá jáde, ó ṣa òkúta, ó gbọ́wọ́ sókè láti lé e. Dámisí yọjú lójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kejì, bí Ìyá Fọlábí ṣe ń kọjá níwájú yàrá Títílọlá, ó gbọ́ ohùn Dámisí tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ojú mi báyìí ni. Ó dúró sábẹ́ igi, ó ń juwọ́ sí ẹyẹ náà. Ẹyẹ ọ̀hún ò sì fò títí tó fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán."

Ìyá àgbà fọwọ́ ti ògiri títí ó fi dé yàrá rẹ̀.

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan sí i tí wọ́n fi pè é sí pálọ̀. Àjàní tẹ orí ba. Títílọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ gbingbin, ọmú tí kò sí ẹni tí yóò mu ún. Fọlábí ló dúró.

"Màámi, mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Kí lẹ fi sí etí ọmọ mi?"

"Abẹ́rẹ́ àti òwú ni, Fọlábí. Abẹ́rẹ́ tí mo fi lu ti Ṣùbòmí, àbúrò rẹ."

"Kí wá ló pa á?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ǹjẹ́ mi ò ní ti sọ?"

Dámisí já lu ọ̀rọ̀ náà. "Kì í ṣe ọmọ yìí nìkan, Màámi. Oyún tèmi ńkọ́? Wọ́n ní kẹ́ ẹ tó bí ọkọ mi Àjàní, ẹ ti sin ọmọ mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju ọmọ ìrákòrò lọ. Ta ló pa ìyẹn? Ta ló ń jẹ wọ́n?"

"Dámisí!" Àjàní kígbe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn níwájú Ìyá Fọlábí. Ó wo Fọlábí. Ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ yìí sọ pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, ìyá mi lẹ ń bá wí." Fọlábí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ lọ bá Ṣùbòmí ní Ọ̀yọ́ ná, Màámi. Kí ara tu ìyàwó mi."

Òun fúnra rẹ̀ ló wà á lọ. Kò gbé èrò mìíràn, kò sì tan rédíò títí wọ́n fi dé ilé Ṣùbòmí lẹ́yìn ọjà Àkẹ̀sán. Ó gbé àpò ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ súre fún un bó ti máa ń ṣe, ó ní, "Ọ̀nà á là fún ọ, ọmọ mi. O ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà." Fọlábí kò ṣe àmín. Ó wọ ọkọ̀, ó sì yí i padà.

Ṣùbòmí, tó ń ṣerun fún àwọn obìnrin níwájú ilé rẹ̀, kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ rárá. Ó bú Dámisí lórí fóònù, ó bú Fọlábí. Inú bí Ìyá Fọlábí náà níbẹ̀rẹ̀, ìbínú ọ̀hún sì dára fún un, torí pé ó ń jẹ́ kó lè jẹun. Ìgbà tí ìbínú rọlẹ̀ ni wàhálà dé. Bó bá jókòó lójú kan, ohun tí Dámisí bi í á máa dún létí rẹ̀: ta ló pa ìyẹn? Ó rántí pé inú òun ti ru díẹ̀ nígbà tí Títílọlá fi orúkọ tí òun mú wá fún ọmọ sílẹ̀, tó mú ti wòlíì. Ó rántí pé òun lá àlá kan rí tí ẹsẹ̀ òun kò kan ilẹ̀. Ta ni kì í lá irú àlá bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ó ti di pé kò lè fi í sílẹ̀.

Obìnrin àdúgbò kan gbé ọmọ rẹ̀ wá pé kó bá òun lu etí rẹ̀. Ìyá Fọlábí ní ojú òun kò ríran mọ́. Irọ́ ni, ó ṣì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo awò.

Ní àárọ̀ kùtù kan, Ṣùbòmí wọlé láti jí i fún àdúrà, ó bá gèlè tí ìyá rẹ̀ fi so ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ta á ní kókó lórí kókó.

"Màámi! Kí lèyí?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo máa ń jáde lóru ni."

"Ha! Màámi mi!" Ṣùbòmí kúnlẹ̀, ó ń tú kókó náà. "Ẹ wò ó, bẹ́ ẹ ṣe so ó náà ló wà. Ẹ ò lọ síbì kankan."

Ìyá rẹ̀ wo gèlè tó ti rún náà. "Ara kọ́ ló máa ń lọ, Ṣùbòmí. Wọ́n ní ẹ̀mí ló ń fò."

Nígbà tó yá, Títílọlá bí ọmọbìnrin mìíràn, wọ́n sọ ọ́ ní Rejoice. Ṣùbòmí ṣí fọ́tò rẹ̀ lórí wásáàpù, ó nà án sí ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà yí ojú sí ògiri kíá.

"Pa á dé. Kí ojú mi má kàn án."

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu Fọlábí ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Kẹ́míìsì ni wọ́n ti lu etí Rejoice, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ta yẹtí mọ́ etí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀ tó fọwọ́ kan ọmọ. Síbẹ̀síbẹ̀ etí wú, ó pọ́n, ó ń ṣọyún, nígbà tó sì ṣe, ọmọ kọ ọmú. Bí Títílọlá ṣe rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ń le, ó gbé e, ó ń sunkún lọ sílé àdúrà, ó ń pariwo pé, "Ó ti tẹ̀ lé wa láti Ọ̀yọ́ o!"

Wòlíì Ọládépò gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo etí rẹ̀ dáadáa. Ó rí nǹkan tó ń dán wínníwínní nínú egbò náà.

"Kí lèyí?"

"Iyanrìn ilẹ̀ àánú ni, Bàbá. Èyí tẹ́ ẹ fún mi. Mo pò ó mọ́ òróró, mo fi dí ibi tí wọ́n lu, kí ọ̀tá má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún Ẹ̀ríolúwa."

"Lójú egbò? Títílọlá, ẹnu ọ̀nà ni mo ní kó o wọ́n ọn sí! Ilẹ̀ tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí àgùntàn ń ya ìgbẹ́ sí!"

Kò dúró gbàdúrà. Láìwọ bàtà, nínú sùtánà funfun rẹ̀, ó gbé ọmọ náà bọ́ sí títì, ó dá ọ̀kadà dúró, ilé ìwòsàn ló gbà lọ. Dókítà bi Títílọlá bóyá ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó lóyún ọmọ náà. Ó ní òun kò gbà á. Wọ́n ní àrùn ipá ni. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé, ojú egbò ló ń gbà wọ ara, ó sì ń gan ọmọ pa. Wọ́n ní wọ́n tètè gbé èyí wá. Rejoice pẹ́ níbẹ̀ kí ara rẹ̀ tó rọ̀, kó tó tún lè mu ọmú.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ wálé, Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọrí sí, Fọlábí, Títílọlá, àti wòlíì náà. Ìyá Fọlábí jókòó sórí àpótí nínú pálọ̀ Ṣùbòmí. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín. Títílọlá gbé Rejoice fún Ṣùbòmí, ó sì kúnlẹ̀ wọ́ lọ bá a.

"Èmi ni, Mọ́mì. Ọwọ́ mi ni. Ẹ sọ fún mi, ẹ ní kí n má fi nǹkan kan sí i. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n pè yín ní àjẹ́."

Ìyá àgbà fa orí rẹ̀ mọ́ra. "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́ láyé. Ìfẹ́ ọmọ ló jẹ́ kó o ṣe é. Ta ni yóò bínú sí ìyá tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ là?"

Wòlíì ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ewú orí. "Ẹ foríjì mí, Màmá. Mo sọ̀rọ̀ kan, mo dákẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n lé yín, mo tún dákẹ́."

"Ẹ dìde, sà. Ọlọ́run ti foríjì wá."

Fọlábí di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ dìde ká lọ sílé, Màámi. Yàrá yín wà níbẹ̀. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé ọwọ́ yín mọ́."

Ìyá rẹ̀ ń fọwọ́ pa á lórí bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

"Inú mi dùn pé ẹ mọ̀, Fọlábí. Dókítà ti sọ ohun tó pa Ẹ̀ríolúwa fún yín. Àwọn mẹ́ta tèmi ńkọ́? Ta ló máa sọ ohun tó pa wọ́n fún mi?"

"Màámi, ayé àtijọ́ nìyẹn! Ibà ni, igbóná ni, kò sóògùn nígbà náà..."

"Bóyá. Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ọkàn mi ò gbà á mọ́."

Ṣùbòmí sún mọ́ ọn pẹ̀lú Rejoice. Àpá kékeré kan wà ní etí ọmọ náà, ó ti jinná. Ọmọ náà rí ìyá àgbà, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Ìyá Fọlábí wò ó, ó wò ó bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó rí omi. Lẹ́yìn náà, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé wọn.

"Ó jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ó wí. "Ẹ tètè máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọmọ náà lọ́dọ̀ mi."