Owú Gun Alùpùpù

"Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ṣé ẹ gbọ́ nígbà tí ìyàwó yín kọjá?"

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Télọ̀ ni ó bèèrè, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó bèèrè.

Télọ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ó ti kọjá?"

"Ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ológbò. Alùpùpù oníbátìrì kì í pariwo. Ọkọ ẹni tí ó ni ín ni yóò máa pariwo kiri."

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó Télọ̀. Àwọn ọmọ abúlé orí òkè ni ó ń fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí ó ń gun alùpùpù elépo, láti oríta ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti ra oníbátìrì, irú èyí tí a ṣe fún ọ̀nà igbó àti orí àpáta, kò sí ẹni tí ń gbọ́ àlọ rẹ̀ tàbí àbọ̀ rẹ̀. Wọ́n sì ti sọ fún Télọ̀ pé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan máa ń dúró dè é ní ìdí òkè. Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọ ọ́ lára, tí oúnjẹ kò dùn ún jẹ mọ́.

Kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohunkóhun. Ó ra alùpùpù àlòkù irú ti ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé e tọ mẹkáníìkì lọ.

"Mo fẹ́ kí ó yá ju ti obìnrin kan lọ."

"Obìnrin wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tí mo fẹ́ sílé!"

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yọ pátákó kékeré tí ń ṣọ́ bátìrì kúrò, kí agbára lè máa jáde láìsí ìdíwọ́. Ó so bátìrì mìíràn mọ́ ti tẹ́lẹ̀, ó sì fi ṣájà kan tí kò bá a mu lé Télọ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí ìyàwó rí alùpùpù náà, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀. "Olówó orí mi, ta ni ó tú bátìrì yìí? Ewu ń bẹ níbẹ̀ o."

"Máa bá abẹ́rẹ́ tìrẹ lọ, kí n máa bá tèmi lọ."

Ní ọjọ́ tí ìyàwó tún jáde, Télọ̀ tẹ̀ lé e. Alùpùpù náà fò bí ọfà. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, díẹ̀ ni ó kù kí ó já sí kòtò, nítorí pé apá ìjánu rẹ̀ kò ká eré tuntun náà. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpáta, ó yọjú, ó sì rí ohun tí kò fẹ́ rí: onírùngbọ̀n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí alùpùpù, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín.

Ojú Télọ̀ ṣú. Ó sáré padà sílé. Bátìrì ti gbóná bí ìkòkò orí iná. Síbẹ̀ ó ki ṣájà bọ̀ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ilé náà ní, kí ó lè tún jáde lọ bá wọn. Ìyá rẹ̀ arúgbó, tí ń fi ọ̀pá rìn, ń sùn nínú yàrá.

"Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Télọ̀ yíjú padà. Onírùngbọ̀n ni, ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti rí i lórí òkè nígbà tí ó ń sá lọ, tí èéfín ń yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

"O gba ìyàwó mi lórí òkè, o tún wá gba ilé mi?"

"Panápaná ni mí, ẹ̀gbọ́n! Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí a ti ń tẹ ìjánu ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ wò ó, bátìrì yín ti wú!"

"Irọ́ ni! Panápaná wo ni ó ń tọ́ irú irùngbọ̀n yẹn?"

Bátìrì náà súfèé, èéfín dúdú sì bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà náà ni Télọ̀ gbàgbé ìyàwó, ó gbàgbé irùngbọ̀n. "Ìyá mi!" Ó fẹ́ wọ inú èéfín lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú ṣinṣin. Panápaná pa iná mànàmáná ilé láti ìta, ó fọ́ fèrèsé yàrá, ó sì gbé ìyá arúgbó jáde bí ọmọ ọwọ́.

Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti jóná, àti gbogbo aṣọ oníbàárà tí Télọ̀ kó síbẹ̀.

Ìyá arúgbó wúkọ́, ó wo ẹni tí ó gbé e. "Ọmọ ta ni onírùngbọ̀n yìí? Ọkùnrin ni o!"

Owú tún fẹ́ ta Télọ̀ ní kókósẹ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mẹkáníìkì yọ pátákó kékeré kan lára bátìrì yìí. Kí ni mo ṣe fún un?"

"Pátákó tí wọ́n yọ yẹn ni ó ń sọ fún bátìrì pé ó ti yó, tàbí pé ó ti gbóná jù. Ẹ yọ olùṣọ́ kúrò, ẹ wá ń bọ́ ọ ní àbọ́jù."

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ohun tí ń ṣọ́ bátìrì alùpùpù yín, kí ó má sì so bátìrì àjèjì mọ́ ọn. Ṣájà tí ó bá a wá ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí bátìrì tutù kí ẹ tó ṣáàjì rẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti ibi tí ènìyàn ń sùn. Bí ó bá wú, tí ó ń rùn tàbí tí ó ń súfèé, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án: ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, kí ẹ sì pe panápaná. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi kún eré alùpùpù rẹ̀, kí ó tọ àwọn tí a fún ní àṣẹ iṣẹ́ náà lọ. Kí wọ́n yẹ ìjánu àti táyà wò, kí ó sì wádìí bóyá òfin gbà á láàyè lójú títì, nítorí ọ̀nà igbó ni a ṣe é fún.

Owú a máa rọlẹ̀ bí tọkọtaya bá jókòó sọ̀rọ̀. Iná bátìrì kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.