Ìlà Funfun Lórí Nọ́ọ̀tì

Ọdún mọ́kànlá ni agbẹ̀bí náà fi kó owó ọkọ̀ rẹ̀ jọ. Ó ń gbẹ̀bí lọ́jọ́ iṣẹ́, ó ń ránṣọ lọ́jọ́ ìsinmi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ó rà á tán, ọkọ̀ àgbà ni. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún, epo dísù ló ń jó, ó sì ní tọ́bò, ìyẹn fáànù kékeré tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tí ó ń rọ́ afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Ó fọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ọkọ rẹ̀ kú sínú ọkọ̀ náà.

Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti bá a, lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́, ní aago méje àárọ̀ Sátidé. Àyà rẹ̀ ti fọ́. Bíréèkì ti jó. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nínú ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú pinpin. Síbẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ sáré débẹ̀ búra pé ẹ́ńjìnnì náà ṣì ń ké bí ẹran tí wọ́n ń pa, èéfín aláwọ̀ aró sì bo gbogbo òpópó.

Kí ó tó di ọ̀sán, bàbá mẹkáníìkì tó tún un ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti wà ní àtìmọ́lé. Àwọn aládùúgbò ti fọ́ pátákó iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́ kò tíì gbà pé bàbá náà ló jẹ̀bi. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé ọ̀sán gangan ló ń tan iná wo nǹkan.

"Ìyá Tọ́ọ̀ṣì, ṣé oòrùn kò tó yín ni?" ni ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà wí.

"Oòrùn kì í wọ abẹ́ ọkọ̀," ló fi dá a lóhùn, ó sì wọlé lọ bá bàbá náà.

"Bàbá, kí lẹ ṣe sí ọkọ̀ yẹn?"

"Kò lágbára lórí òkè nígbà tí olóògbé àti àbúrò rẹ̀ gbé e wá. Mo wá àrùn rẹ̀ títí. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ tọ́bò ń gbà kọjá ló ya. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo tún tú páìpù tí ọ́ìlì ń gbà jáde lábẹ́ tọ́bò, mo fọ̀ ọ́, mo dè é padà."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ẹ dè é?"

Bàbá náà rín ẹ̀rín kan tí kò dé ojú. "Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń fi àtíkè kun ọkọ̀. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí mo bá dè, mo máa ń fa ìlà ọ̀dà funfun kan láti orí rẹ̀ dé ara irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá ti yà, ẹlòmíràn ti yí i."

Ìyá Tọ́ọ̀ṣì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ta ọkọ̀, arúgbó kan tó ń dá gbé.

"Mo sọ fún wọn pé kò lágbára, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, n kò fojú kàn án mọ́."

Ọwọ́ arúgbó náà ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí tíì fi dànù sórí tábìlì. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì wo ọwọ́ náà, ó sì dìde. Ọwọ́ tí kò lè di ife mú kò lè dé abẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Gbogbo ìlà funfun ló gún, àfi ẹyọ kan, ti páìpù abẹ́ tọ́bò. Ìyẹn ti yà sọ́tọ̀. Eyín irin sípánà kan ti bu nọ́ọ̀tì náà jẹ, ojú eyín ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, àlàfo sì wà níbi tó yẹ kí ẹ̀kẹta wà. Ó tú u. Ègé rọ́bà kan dí inú páìpù náà pa. Téèpù funfun tí iná ti yí padà sí àwọ̀ ilẹ̀ wé mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ó bá agbẹ̀bí náà nínú pálọ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà, jókòó tì í, ó ń tù ú nínú.

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù, mà. Ọjọ́ wo ni èéfín bẹ̀rẹ̀?"

"Kò rú èéfín rí kí ó tó di àárọ̀ ọjọ́ yẹn. L'Ọ́jọ́rú àti l'Ọ́jọ́bọ̀, ó ń lọ bí ọfà."

"Ta ló wá síbí ní Jímọ̀?"

"Kò sí àlejò. Ọkọ mi kékeré yìí nìkan ló wá tún ẹ̀rọ omi wa ṣe."

Ìyá Tọ́ọ̀ṣì wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀, ó tan iná. Téèpù funfun yọ orí lẹ́nu páìpù omi. Eyín irin bu nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ, ojú eyín kẹta kò sí. Àwọn àgbà kò parọ́: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Ó padà sí pálọ̀. "Ẹ fún mi ní sípánà eléyín tó wà nínú àpò yín."

"Ọ̀gá, púlọ́ńbà wo ni kì í lo téèpù?"

"Fún omi ni. Kò sí mẹkáníìkì tó ń wé téèpù mọ́ páìpù tó ń gbóná bí iná. Ẹ dí inú rẹ̀ tán, ẹ tún wé ẹnu rẹ̀ kí ó má baà jò. Ọwọ́ yín ti ṣe é kí orí yín tó rò ó."

Ọkùnrin náà yọ sípánà náà fún un; eyín kẹta kò sí lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ́ìlì ń wọ inú tọ́bò, kò ríbi jáde. Ó bá afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n yín yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì ara rẹ̀ kò mọ kọ́kọ́rọ́."

"N kò fẹ́ kó kú!" Ó bú sẹ́kún. "Mẹkáníìkì yẹn fúnra rẹ̀ ló fi páìpù náà hàn mí. Ó ní bó bá dí, èéfín ni yóò máa rú. Mo ní kó rú èéfín, kí wọ́n lè sọ pé ọkọ̀ burúkú ni wọ́n rà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣèlérí pé èmi ni màá máa wà á, kí n lè bọ́ nínú kòtò ìdọ̀tí àwọn èèyàn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, ó ní, 'Ìyàwó mi ló ni ín. Ìwọ, gbá páìpù rẹ mú.' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín."

Agbẹ̀bí náà gbójú sókè.

"Ọkọ mi kékeré, èmi ló yẹ kí n wà á láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n sùn díẹ̀ sí i, pé òun á lọ ra epo sí i fún mi."

Ọkùnrin náà kò lè wò ó lójú mọ́.

Wọ́n tú bàbá mẹkáníìkì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àdúgbò jẹ ẹ́ ní gbèsè pátákó tuntun àti ẹ̀bẹ̀.

Ìyá kan ṣoṣo ló bí òkú náà àti ẹni tó pa á. Ìyá náà wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé náà, ó ń bèèrè ìdí tí àbúrò kò fi tíì wá jẹun. Ìyá Tọ́ọ̀ṣì pa iná ọwọ́ rẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn. Wọ́n jẹ ìyá náà ní gbèsè òtítọ́, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un.