Ilé Ìdáná Tó Wà Níbi Pẹpẹ

Ẹni kẹsàn-án tó wá wo fúláàtì ìsàlẹ̀ yẹn ni Ìsíátù, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Òṣòdì. Ó ń wá ilé lójú méjèèjì. Pálọ̀ wù ú, balùwẹ̀ wù ú. Ìgbà tó dé ilé ìdáná ló bi Táòfíkì, ajẹ́ńtì tó mú un wá, pé kí ló dé tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi ga ju tàwọn yàrá yòókù lọ.

Táòfíkì kò lè purọ́. “Ibi pẹpẹ ni, Àǹtí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé yìí tẹ́lẹ̀.”

Ìsíátù bọ́ bàtà lójú ẹsẹ̀. “Háà! Mùsùlùmí ni mí o, àmọ́ mi ò lè máa din ẹja níbi tí wọ́n ti ń pe Ọlọ́run. Ẹ má bínú, ọ̀gá.” Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde.

Ọ̀gá tó ń bẹ̀ ni Felix Adéyanjú, ẹni tó ni ilé. Ó fajú ro.

Ká sọ tòótọ́, Felix mọ ilé kọ́. Ó kọ́ ní Àgọ́ Palace, ó kọ́ ní Ire-Àkárí, kò sí èyí tó ṣófo pé oṣù kan. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí màbo lórí ti Ìsọlọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Ìjọ pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n kó lọ sí Èjìgbò, wọ́n sì ta ilé náà fún un. Ó pín inú rẹ̀ sí fúláàtì mẹ́fà. Ògiri àtijọ́ yẹn nípọn débi pé irin tí wọ́n fi ń lu ihò ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí páìpù omi tó kọjá. Fèrèsé ga tó bẹ́ẹ̀ tí ayálégbé kan ní láti gun àga kó tó mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀. Ògiri tuntun tí Felix fi pín inú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́: bí ẹnì kan bá sín ní fúláàtì kìíní, ẹni tó wà ní ìkẹrin ló ń kí i pé pẹ̀lẹ́.

Síbẹ̀, fúláàtì márùn-ún ti rí ẹni gbé. Ti ìsàlẹ̀ yìí nìkan ló kù.

“Ọ̀gá,” ni Táòfíkì wí, “ẹ jẹ́ ká gbé kíṣìnì kúrò níbí. Ọwọ́ ọ̀tún ló kúkú wà nínú àwòrán ilé.”

“Kò ní kúrò!” Felix jágbe mọ́ ọn. “Ibẹ̀ ni mo ní kó wà, ibẹ̀ náà ló máa wà!”

Òun fúnra rẹ̀ ló yí àwòrán náà padà. Ìdí rẹ̀ rèé.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Beatrice ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ìjọ yìí, ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ká Felix lára, ṣùgbọ́n ó bá Ọlọ́run dá àdéhùn bó ti ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe é: wo ìyàwó mi sàn, n ó pa òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yìí dà. Kò tilẹ̀ dúró kó rí ìwòsàn. Ó kan páànù tuntun sí gbogbo rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ fún ọjọ́ méje gbáko. Lọ́jọ́ kẹjọ, Beatrice kú.

Inú bí Felix. Ó ní òun ṣe tòun, Ọlọ́run kò ṣe tirẹ̀. Ó lé àwọn ará ìjọ tó wá bá a kẹ́dùn jáde. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀ṣì, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á. Ibi tí òun ti kúnlẹ̀ tí a kò dá òun lóhùn, èéfín àti òórùn ẹja ni kó máa jáde níbẹ̀. Ó rò pé bí pẹpẹ bá ti wó, inú òun yóò rọ̀. Pẹpẹ wó, inú kò rọ̀. Ìyẹn ló ń bí i nínú jù.

Kò pẹ́ tí Ìsíátù jáde ni Bàbá Àyànníyì wọlé. Bàbá yìí ló lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà fún ogójì ọdún.

Felix kò kí i. “Ẹ wá gégùn-ún fún mi, àbí? Ẹ yáa gé e, kẹ́ ẹ máa lọ. Mo ti fi kíṣìnì síbi pẹpẹ yín.”

Bàbá gun àtẹ̀gùn, ó fara ti síǹkì. “Felix, mo wà lára àwọn tó buwọ́ lùwé pé ká tà á fún ọ. Búlọ́ọ̀kù lásán ni ilé náà. Ọlọ́run tó dá ayé kì í gbé inú ilé tí a fi ọwọ́ kọ́. Ohun tí wọ́n bá sè níbí kò lè pa Á lára. Ìwọ ló ń pa lára, ọmọ mi.”

Felix figbe ta. “Mo ṣe òrùlé! Mo kúnlẹ̀! Kí ló tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?”

“Kò fẹ́ gba nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni o kò gbọ́.” Bàbá mí kanlẹ̀. “Beatrice rán mi sí ọ nígbà tí mo lọ gbàdúrà fún un ní ọsibítù. Mo wá jẹ́ iṣẹ́ náà, o lé gbogbo wa jáde. Mo padà wá lẹ́ẹ̀mejì, o ní kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn. Beatrice ní, ‘Ẹ sọ fún Felix kó má fi òrùlé ra ẹ̀mí mi. Ẹ̀mí mi ti ní ẹni tó rà á. Kó jẹ́ kí Jésù ra tiẹ̀ náà.’”

 Ọdún mẹ́rin ni Felix ti fi pe ara rẹ̀ ní ẹni tí Ọlọ́run rẹ́ jẹ. Nísinsìnyí ló rí i pé òun kò gbàdúrà rí. Ọjà lòun ń ná. Ó ti fẹ́ sọ Ọlọ́run di òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń bínú pé òṣìṣẹ́ kò gbọ́ràn. Ojú tì í gidigidi.

Ó kúnlẹ̀ lórí táìlì. “Olúwa, mi ò mú nǹkan kan wá. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, onírera ni mí. Gbà mí nítorí Jésù tó kú fún mi.” Ó sunkún bí kò ti sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú. Táòfíkì rọra fa ilẹ̀kùn dé fún wọn.

Ṣé fúláàtì náà ti wá rí ẹni gbé? Bí mo ti ń kọ èyí, ó ṣì ṣófo, ó sì ń dun Felix, nítorí oníṣòwò ni. Ṣùgbọ́n kò bá Ọlọ́run ṣòdì mọ́.

Ìwọ tó ń ka èyí ńkọ́? O gbààwẹ̀, o ra àga fún ìjọ, ohun tí o bèèrè kò sì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, inú sì ń bí ọ. N kò ní bá ọ jiyàn pé kò dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bá ọ ṣe àdéhùn yẹn? Kì í ṣe Ọlọ́run. Òun ti fi Ọmọ Rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ kí o tó mọ bí a ti ń bèèrè. Ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà, ìdí sì nìyẹn tó fi ń nira fún agbéraga láti gbà á.

Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. O kò mọ ohun tí ọ̀la yóò bí. Níbi tí o wà yìí, ì báà jẹ́ ẹnu iṣẹ́, sọ fún Un pé: Olúwa, ọwọ́ òfo ni mo fi wá, fi ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ̀ mí.

Má tíì pa ìwé yìí dé. Sọ ọ́ ná.