Ìka Mẹ́ta Nínú Kòtò Yìnyín

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òtútù pa ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Òjélabí, ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ sọ pé ara rẹ̀ le.

Abèèrè-àlàáfíà ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Ẹnu ọ̀nà Kòtò Yìnyín ni wọ́n gbé e kọ́ sí, níbi tí àwọn ará wa tó ń gbé lórí òṣùpá ti ń gbẹ́ yìnyín tí wọ́n ń yọ́ mu. Wọ́n bo kòtò náà kí afẹ́fẹ́ má jò, ṣùgbọ́n oòrùn kì í dé ibẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ sì máa ń mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Bí ìdáhùn bá dára, iná rẹ̀ á tàn bí àwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí kò bá dára, iná á pọ́n, wọ́n á mú ẹni náà lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú ọkàn. Láti ọdún mẹ́fà, iná náà kò pọ́n rí.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ìyàwó Òjélabí kú ní Ìsẹ́yìn, lórí ilẹ̀ ayé. Kò sí ọkọ̀ tí ì bá gbé e lọ sílé. Wọ́n sin ín láìsí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, Òjélabí ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń bèèrè, ó ń dáhùn, ó ń gbẹ́ yìnyín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n gé ìka náà, Dókítà Mojírọ́lá, tó ṣe ẹ̀rọ, fẹ́ fọwọ́ sí ìwé kí Òjélabí padà sínú kòtò lọ́jọ́ kejì. Bàbá Ṣówándé, àgbà tó ń rán ìbọ̀wọ́ agbóoru, kò gbà.

"Ìbọ̀wọ́ ló ya, bàbá," ni dókítà wí. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkàn rẹ̀. Ẹ wo ìdáhùn rẹ̀ lójoojúmọ́: 'A dúpẹ́.'"

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ pé ẹni tó bá ní a dúpẹ́, ara rẹ̀ yá?"

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ mi, nígbà tí ilé bàbá mi jó, wọ́n kí i, ó ní a dúpẹ́. Eérú ṣì wà lórí rẹ̀. O kàn ń kí àwọn ènìyàn ni. O ò tíì bèèrè nǹkan kan."

Bàbá fa àpótí, ó jókòó ti Òjélabí, tó wà nítòsí tó ń gbọ́ wọn.

"Òjé, ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́, bàbá."

Bàbá kò dìde. Ó mú abẹ́rẹ́, ó rán ìbọ̀wọ́ kan tán. "Báwo ni?"

"Ó ń lọ."

Ó rán ìkejì. "Ìbọ̀wọ́ tó ya yẹn ńkọ́? Ìgbà wo lo mọ̀?"

Òjélabí wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé. "Bó ṣe ya ni mo rí i. Mo ń wò ó."

"Kò dùn ọ́ ni?"

"Ó dùn mí. Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn mí gbẹ̀yìn."

Dókítà gbé kálàmù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Òjélabí dúró níwájú ẹ̀rọ.

"Ṣé àlàáfíà ni?"

"Rárá."

Iná pọ́n. Ogójì ènìyàn ló tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń wo iná náà. Bàbá Ṣówándé fa àpótí rẹ̀ wá fún un, Òjélabí jókòó. Ẹni tó tẹ̀lé e bọ́ síwájú. Ẹ̀rọ bi òun náà. Ó la ẹnu láti sọ pé a dúpẹ́, ó pa á dé.

Títí di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ yìnyín.